Àmì Kẹta Lórí Fọ́ọ̀mù Láwọ̀yín

Jethro aránṣọ mọ̀wé, ó sì fẹ́ kí gbogbo Kábà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1956, òun ló ń ka fọ́ọ̀mù tẹ́tẹ́ púùlù fún ẹnikẹ́ni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọjà. Ó mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òyìnbó tó gbóná, ó mọ èyí tí kò ní láárí. Kí ló wá jẹ níbẹ̀? Kò jẹ kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ iwájú rẹ̀ pàápàá, ó háyà rẹ̀ ni.

Láwọ̀yín, àgbẹ̀ oníkọfí Ìyàmoyè tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, òun ló ń jẹ ní tirẹ̀. Ọgbọ́n kan péré ló ní. Bí Jethro bá ti ka orúkọ, á bi í pé ta ni wọ́n wá bá nílé. Bí wọ́n bá ní onílé ọ̀hún kò lágbára, òun gan-an ló máa mú. Ó ní bó ti wù kí adìẹ rù tó, kò ní gbà kí àlejò lé òun kúrò lórí ààtàn ilé òun. Jethro fi í rẹ́rìn-ín títí, àfi lọ́jọ́ tí Láwọ̀yín gun kẹ̀kẹ́ tuntun dé. Látọjọ́ náà ni owú ti ń jẹ ẹ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Bí ó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lọ́nà báyìí, abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Láwọ̀yín mú onílé mẹ́ta tí ìyà ti jẹ pátápátá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ borí kó tó rí owó gbà. Jethro fi àmì sí méjì bó ṣe wí. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, àlejò ló fi àmì tì. Wọ́n ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà ká má gbẹ́ ẹ jìn. Jethro gbẹ́ tirẹ̀ kan ọrùn, inú rẹ̀ sì dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ. Láwọ̀yín mú fọ́ọ̀mù náà lọ bá ajẹ́ńtì tó ń gba owó tẹ́tẹ́ nílùú, ó gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ Lọ́kọ́ja gbé ìwé ìròyìn dé, ajẹ́ńtì sì kà á sókè. Onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló borí. Láwọ̀yín ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n yẹ fọ́ọ̀mù wò, ó di ọ̀dọ̀ Jethro.

"Okun o, ọ̀rẹ́ mi," ó kí i. "Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mà á kọ́kọ́ rà, tìẹ ni. Látìgbà tí mo ti ra kẹ̀kẹ́ ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá tún jẹ, ọwọ́ tó ń bá mi kọ ọ́ ló kàn."

Ó tẹ́ ẹ̀dà náà sórí ẹ̀rọ àháyà, ó ní kó ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Jethro ka ẹ̀kíní. Ó ka èkejì. Ó wá fi àtàǹpàkò bo ìlà tó kàn.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?" Láwọ̀yín bi í.