Hezekiah Kí Florence Nídìí Píánò

Ọdún mọ́kànlélógún ni Hezekiah Ọláníran ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ rẹ̀ ní Kàbà. Bí eku bá jẹ ẹ̀wìrì dùùrù náà, òun náà ní í fi awọ ewúrẹ́ lẹ̀ ẹ́. Orí itan rẹ̀ ni Florence, ọmọbìnrin rẹ̀, wà nígbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan dùùrù.

Lọ́dún 1958, Florence kọ̀wé sí i láti Ìbàdàn. Àwọn olórin òyìnbó bí àádọ́ta ń bọ̀. Òun ni yóò tẹ píánò láàrin wọn. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ yanjú, olùkọ́ rẹ̀ yóò rán an lọ kọ́ orin sí i ní Lọ́ńdọ̀nù.

Hezekiah wọkọ̀ lọ. Kí wọ́n tó wọlé, ọmọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, apá mẹ́ta lorin mi. Bí a bá dánu dúró láàrin, ẹ má pàtẹ́wọ́ o."

"Ṣé mo jọ aláriwo ni?"

"Ẹ̀yin kọ́. Ọwọ́ yín ni mò ń bá wí."

Nígbà tí wọ́n wọlé, Hezekiah jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Orin bẹ̀rẹ̀. Florence ń sáré lórí píánò, gòjé òyìnbó ń tẹ̀ lé e. Àfi bí ìka rẹ̀ ṣe yẹ̀. Ó rí orin mú padà, ṣùgbọ́n Hezekiah rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe súnkì. Nígbà tí apá kìíní parí, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọmọ náà dorí kodò, ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ aṣọ.

Àtẹ́wọ́ ni wọ́n kìlọ̀ fún Hezekiah. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìkíni. Nílẹ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi 'okun' kíni, ta ni yóò rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí òógùn bò, tí kò ní kí i?

"Florence, okun o!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní, "Bàbá, wọn kì í sọ̀rọ̀ níbí."

"Ọmọ mi ló wà lẹ́nu iṣẹ́."

Florence gbórí sókè. "Okun, Bàbá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èjìká ọmọ náà rọ̀. Ó tẹ apá kejì jẹ́jẹ́, ó tẹ ẹ̀kẹta bí ẹni ń jó. Kò ṣìṣe mọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ sọ, Hezekiah fa ọwọ́ tirẹ̀ yọ. Ọwọ́ méjèèjì ti kú lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn olórin òyìnbó nìkan ló kù lórí pèpéle, wọ́n ń ṣe orin gígùn alápá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní símfónì. Florence wá jókòó tì í.

"Bàbá, wọ́n ní mò ń lọ."

Hezekiah mi orí pé òun gbọ́. Kí apá kejì tó parí, ọmọ náà ti sùn lé e léjìká. Bàbá rẹ̀ kò mira. Lọ́ńdọ̀nù jìnnà. Ó ń gbàdúrà kí orin náà pẹ́.