Aláǹtakùn Abẹ́ Àgbọn

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ilẹ̀ tí mo rà ní etíkun Àgbádárìgì níbí. Ó ti pé ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Èkìtì ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi wá. Ẹ̀yin náà mọ bí inú ẹni tó ti háyà ilé pẹ́ ṣe máa ń dùn tó bá ní ilẹ̀ tirẹ̀!

Àárọ̀ ọjọ́ tí katakata máa ro ilẹ̀ náà ká lè kọ́lé, èmi àti ìyàwó mi bá obìnrin kan lábẹ́ igi àgbọn, ó ń ṣí imọ̀ àgbọn gbígbẹ tó wà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní Sènámi lorúkọ òun, ọmọ Ẹ̀gùn, òun sì ń ṣèwádìí kòkòrò ní yunifásítì. Ó ní aláǹtakùn kan ń gbé inú iyanrìn yẹn, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Kì í ta àwọ̀n, ńṣe ló máa ń sáré lé ohun tó bá fẹ́ jẹ. Ọ̀gá òun tó ti di olóògbé ló kọ́kọ́ rí i, wọn ò sì tíì rí i níbòmíì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí n kó díẹ̀ kúrò."

Kí ni mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín! Ṣé nítorí aláǹtakùn ni kí n ṣe dá katakata padà? Ìyàwó mi fà mí lápá, ó ní kí n dá a lóhùn. Mi ò gbọ́. Mo juwọ́ sí awakọ̀ pé kó wọlé.

Sènámi ò bá mi jà. Ó ń tẹ̀ lé katakata náà, ó ń fọwọ́ tú iyanrìn. Nígbà tó yá, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Aláǹtakùn kékeré kan ni, aláwọ̀ iyanrìn, ó ti kú. Ó ṣì di àpò ẹyin rẹ̀ mú. Àpò náà ti bẹ́.

"Abo nìyí," ló sọ.

Láti ìgbà yẹn, ó ti padà wá lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi náà máa ń bá a wá aláǹtakùn náà káàkiri, títí dé ilẹ̀ àwọn aládùúgbò. A ò tíì rí ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í bóyá èyí tó kẹ́yìn ni mo pa.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Bóyá la máa mọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí ẹnì kan bá sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ṣé irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń fara da ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀.