Ohun Tó Bá Ń Fà

Bí mo bá ti rí ẹni tó fi àtàǹpàkò méjèèjì fa etí aṣọ wò, ọkọ àǹtí mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Télọ̀ ni wọ́n ní Mushin. Tí èèyàn bá ní kí wọ́n kàn rán ojú ibi tó ya nídìí ṣòkòtò pọ̀, wọ́n á mi orí: "Ohun tó bá ń fà, yíya ló máa ya. Ìrépé ni ká fi lẹ̀ ẹ́ lábẹ́."

Ìpá ń dà wọ́n láàmú, ìyẹn ìfun tó ń ti ara jáde nísàlẹ̀ ikùn. Dókítà kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún wọn rí, ó tún yọ padà. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ mìíràn. Èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí ọsibítù ní Sùúrùlérè.

"Dókítà, báwo lẹni àkọ́kọ́ ṣe rán an?"

"Bàbá, ó fa etí méjèèjì pọ̀, ó sì rán an. Ní tèmi, nẹ́ẹ̀tì ni mo máa fi sábẹ́ ibẹ̀. Mi ò ní fa nǹkan kan."

"Nẹ́ẹ̀tì? Ẹ jẹ́ n rí i."

Dókítà mú èyí tó fi ń ṣàlàyé fún èèyàn wá. Ọkọ àǹtí mi fi àtàǹpàkò fà á lóròó, wọ́n fà á níbùú, wọ́n gbé e sókè síbi iná.

"Ìrépé mà nìyí!" Wọ́n wojú mi bíi pé èmi ni mo ti ń fi í pamọ́ fún wọn.

Wọ́n nawọ́ sí Dókítà. "Bírò dà?"