Mọ́ínmọ́ín tí Mo Kọ̀ ní Àgbádárìgì

Ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Festac ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Níbi ìkómọ àbíkẹ́yìn mi ni. Mo fi ọwọ́ ara mi bu ìrẹsì fún un, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò fi kan ẹnu. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti rí i tí ó gbé abọ́ náà fún ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ géètì. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ ilé ẹni, ohun tí ó ń sọ yé gbogbo wa: ó ní májèlé wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò bi í. Ìkíni nìkan ló kù láàárín wa, ìyẹn náà láti ìta. Nígbà tí òun náà bí ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, gbogbo àdúgbò lọ bá a yọ̀. Èmi tilẹ̀kùn, mo sì dúró sójú fèrèsé kí ó lè rí i pé mo wà nílé.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. A ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwa méjèèjì sì ti di opó. Lọ́dún yìí, àwa obìnrin márùn-ún háyà bọ́ọ̀sì láti Alákijà, a ní kí a lọ wo Àgbádárìgì kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ mi yìí yóò wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé mi ò ní wá.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù. Iyanrìn ń jó wa lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri fi kànga kan hàn wá, ó ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

"Ẹ bu kẹ́ẹ̀gì kan fún Àǹtí wa," ni ọ̀kan nínú wa wí, ó ń tọ́ka sí mi, "kí àdúgbò lè sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lábẹ́ igi àgbọn ni a ti jókòó jẹun. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí ń dùn ún, ó kọ́kọ́ na mọ́ínmọ́ín eléwé sí mi, nítorí èmi ni àgbà.

"Gbé e fún ọlọ́dẹ," ni mo wí.

Mo ń retí kí ó bú mi, mo ti to èsì sílẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ ìkómọ mi gan-an ni oyún kẹta bàjẹ́ lára òun. Ọkọ òun nìkan ló mọ̀. Oúnjẹ kò wọ òun lẹ́nu, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè lójú ọmọ tuntun.

Ó yẹ kí ó ti sọ fún mi. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú sókè. Mo nawọ́ sí mọ́ínmọ́ín náà. Kò gbé e fún mi.

"Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára mi nígbà tí mo wá síbi ìkómọ yín. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe nílé lọ́jọ́ tèmi?"