Obìnrin Tó Paná De Àlejò

Ojú kan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi máa ń wo èèyàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń yan ẹja ní Ibiade, èéfín sì ti kọ́ ọ láti máa pa ojú kejì dé, kódà ní mọ́sálásí. Tí a bá bi í bí ọjà ṣe ń lọ, á ní, "A ṣì ń fẹ́ná."

Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ ran àwọn oníṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́, ó forúkọ sílẹ̀ fún ààrò ìgbàlódé tí kì í rú èéfín. Wọ́n ní àwọn máa wá wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti paná, ó fọ irin tó ń to ẹja lé, ó gbálẹ̀, ó tẹ́ ẹní. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n fọwọ́ kan ààrò tó tutù, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yan ẹja mọ́.

Mo ní, "Ìyàwó wa, kí ló dé tẹ́ ẹ paná?"

"Ọkọ mi, ṣé inú èéfín lẹ ti ń gba àlejò nílé yín ni?"



Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó rí ààrò gbà ní Abigi, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo lọ sọ fún un. Ó ní òjò ti ń ṣú, kí n bá òun kó igi wọlé. A kó o tán, a jókòó.