Omi Ẹ̀fọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Dà Nù

Òórùn ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó ń hó pẹ̀lú káún ni mo fi ń rántí oyún àkọ́kọ́ mi. Awóyáyá là ń gbé nígbà náà, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ọkọ mi á ti gba ibi iṣẹ́ lọ ní Igbó Ẹfọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ débi pé bí mo bá dìde, ojú mi á ṣú, màá di ògiri mú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo bá gbé mì, mo ti bì í. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá gòkè kí n tó rọbí, ẹ̀mí èmi àti ọmọ wà nínú ewu. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìyá ọkọ mi gbé àpò ẹ̀fọ́ dé láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀fọ́ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀. A á gbóhùn ìyá, a á gbóhùn ọmọ." Èmi tí mo máa ń kó ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ kí n lè rí ẹran, mo wá ń jẹ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugu bí ewúrẹ́. Ìyá mọ́ tónítóní. Wọ́n á bọ ẹ̀fọ́ náà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì fún un gbẹ, wọ́n á sì da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mi kò gòkè.

Lọ́jọ́ tí a tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo bú sẹ́kún níwájú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pààrọ̀ oògùn mi, ó sì bi ìyá léèrè bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ náà. Ìyá fi ayọ̀ ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sì ní, "Há, Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún omi ẹ̀fọ́ dà nù mọ́. Fítámì tó ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀, inú omi yẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń bá lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gé e sínú ọbẹ̀ tó ti jinná, ẹ tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ìyàwó yín mu ọsàn lé e, kì í ṣe tíì, torí tíì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè gòkè."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sílé ni ìyá ti di ọwọ́ mi mú.

"Bí mo ṣe ń sè é fún ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ náà nìyẹn."

Mo mọ ìtàn ẹ̀gbọ́n náà. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, ẹ̀jẹ̀ ló tán lára rẹ̀, a kò gbóhùn ìyá, a kò gbóhùn ọmọ.

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ń da ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi sí gọ́tà."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní omi ẹ̀fọ́ nìkan kọ́ ló ń pa aboyún. Wọn kò gbọ́. Wọ́n sunkún dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n sì gbé ọbẹ̀ kaná.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ mi gòkè. Ọmọbìnrin tí mo bí ti ń lọ sílé ìwé báyìí, òun náà sì máa ń kó ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ kì í bá a wí. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ṣíbí bu ọbẹ̀ náà sí i lẹ́nu títí kan omi ìsàlẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n gbé abọ́ náà lọ fọ̀, àfi ìgbà tí kò bá sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè dà nù níbẹ̀ mọ́.