Ìyá Wáyà àti Ọ̀gá Tó Gba Iṣẹ́ Rẹ̀

Kí wọ́n tó máa pè é ní Ìyá Wáyà, obìnrin náà ti fi orúnkún wọ́ kiri inú àjà ilé ẹ̀kọ́ gíga kan títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Kọ̀ǹpútà méjì péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà: ọ̀kan nílé ìkàwé, èkejì lọ́dọ̀ àwọn oníṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ láti inú ọ̀kan lọ sínú èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Obìnrin yìí ní òun yóò mú kí àwọn méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá wà nínú wọn.

Ọdún mẹ́ta ló fi fa wáyà, tó sì fi kọ àṣẹ tí àwọn ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohun tó tẹ̀ nílé ìkàwé yọ gbàgà lójú ẹ̀rọ kejì. Ó sáré lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kí i kú iṣẹ́, ó ní kó kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣé àṣá ló ń bá òròmọdìẹ ṣeré! Lóṣù kejì, iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé, orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Nígbà tó lọ bi í, ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ìwọ fa wáyà, èmi ronú. Ṣé bíríkìlà ló ń ni ilé tó kọ́?”

Kò sunkún. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a ní, “Àbúrò mi, fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.”

Òun náà a ní, “Mo ti fi í lé E lọ́wọ́. Mo kàn ń bá A dì í mú ni.”

Ó di ọdún kọkànlá kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó fẹ́ dá ọ̀gá lọ́lá. Wọ́n ní kó mú kí ẹ̀rọ àtijọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. Nígbà tó dán an wò ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn ẹ̀rọ ò fọhùn. Ni ọ̀gá bá wá jókòó sáàárín àjákù aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jí wọn.”

Ìyá Wáyà gbọ́ “ẹ” yẹn, ó dùn mọ́ ọn létí. “Ẹ má dààmú, sà. Màá wá.”

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, ọ̀gá ròyìn bí ọgbọ́n ṣe sọ sí òun lọ́kàn níbi tóun ti ń wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ́wọ́ sí obìnrin náà. Ìyá Wáyà dìde, ó so wáyà, ó sì kọjú sí èrò.

“Kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí bàbá ọmọ sọ fún wa: kí ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ sọ?”

Òógùn bo ọ̀gá. “Ẹ… ẹ káàárọ̀ ni.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, tó ti tọ́jú sáàárín àwọn àṣẹ náà, tí olè ò ráyè kà, yọ gbàgàdà lára ògiri tí wọ́n gbé àwòrán ojú ẹ̀rọ sí: “Ọ̀gá mi ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ti ṣeé ṣe.” Ọjọ́ náà àti orúkọ obìnrin yìí wà nísàlẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá àtìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Kò yọjú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, “Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀ báyìí?”

“Ó ku díẹ̀,” ló fi dá a lóhùn. Ó fa bébà mọ́ra, ó ń kọ ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó sì kọ orúkọ ọ̀gá síbẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kò fo lẹ́tà kan.